Ogun Ìmàgbọn lórí tábìlì: Ìjẹ̀bú ò rí nǹkan kan ṣe, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Adéwálé_Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè mi wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ta eré ogun orí tábìlì, pàápàá ti ayé ìgbà tí òyìnbó ń jagun gba ilẹ̀ onílẹ̀ kiri.

Ẹgbẹ́ kan wà ládùúgbò wa níbí tá a máa ń pàdé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. The Sword and the Flame la fi ń ṣeré, ìlànà tí Larry Brom gbé jáde ní 1979. Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: ère kéékèèké tó jọ ọmọ ogun, bí ogún, ló wà nínú ọ̀wọ́ kan. Ẹ máa ṣí káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pupa, ọ̀wọ́ kan lára ti òyìnbó á rìn. Tó bá jẹ́ dúdú, ọ̀wọ́ kan lára ti ẹnìkejì ló kàn. Kò sẹ́ni tó mọ èwo ló ń bọ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó máa dùn mọ́ mi.

Wọ́n ti ta Súlúù, wọ́n ti ta Sudan, wọ́n ti ta ààlà Íńdíà òun Afghanistan títí ó fi sú gbogbo wa. Mo ní kí n gbé tiwa wá: Ìmàgbọn, ogun tí òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jà ní 19 May 1892. Wọ́n gbà. Ibi tó ti wọ́ ni pé nígbàkígbà tí mo bá dán an wò nílé, Ìjẹ̀bú ò rí nǹkan kan ṣe. Maxim, ìbọn arọ̀jò-ọta òyìnbó, á ti gbá wọn dànù kí wọ́n tó dé etí odò, eré á parí kí tíì ọwọ́ mi tó tutù. Ta ló máa wá fẹ́ di Ìjẹ̀bú mú? Bẹ́ẹ̀ mi ò fẹ́ parọ́ mọ́ ìtàn torí kí wọ́n lè borí.

Kí lẹ rí sí i? Ẹni tó bá sì mọ ibi tí mo ti lè rí ọmọ ogun tó jọ Ìjẹ̀bú, kó jọ̀ọ́ sọ fún mi. Àwọn tó ga ní 28 mílímítà là ń lò.

Jagun_Peckham

Àbúrò, o ti dojú ogun náà dé ni. O ní Maxim ń gbá wọn dànù "kí wọ́n tó dé etí odò". Kí ni Ìjẹ̀bú ń sáré lọ ṣe létí odò? Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí Scott, ọ̀gágun òyìnbó, tó yọjú! Òdìkejì odò Yemoji ni wọ́n fara pamọ́ sí nínú igbó, wọ́n dojú ìbọn kọ ọ̀nà. Àwọn Scott ló ń bọ̀, àwọn ló gbọ́dọ̀ la omi kọjá.

Súlúù ló máa ń sáré la pápá gbalasa lọ bá ìbọn. Ìwọ sì fi Ìjẹ̀bú sípò Súlúù, torí bí ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà ṣe to nǹkan nìyẹn: ẹni tí kì í bá ti ṣe òyìnbó, kó gbé ọ̀kọ̀, kó sáré, kó kú.

Ṣe báyìí. Má to Ìjẹ̀bú sórí tábìlì rárá. Ya ilẹ̀ náà sórí bébà, kí ẹni tó di Ìjẹ̀bú mú fàmì sí ibi tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lúgọ sí. Ìgbà tí wọ́n bá yìnbọn nìkan la máa gbé wọn jáde. Maxim ò lè pa ẹni tí ò rí.

Ṣẹ́gun_Houston

Mo fara mọ́ ti ibùba yẹn, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ gbólóhùn yín ìkẹyìn ò rí bẹ́ẹ̀. Maxim ò nílò kó rí yín. Igbó ni wọ́n máa ń fi fọ́n, ẹni tó bá wà nínú ẹ̀ á gbọ́. Ẹ jẹ́ kó yìnbọn sí igbó, kẹ́ ẹ dín dáìsì ẹ̀ kù sí ìdajì.

Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa há. Ìbọn arọ̀jò-ọta òyìnbó há mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Abu Klea ní Sudan lójú ogun gan-an. Ẹ ju dáìsì kan lẹ́yìn ìyìnbọn kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbé 1 tàbí 2, ó ti há nìyẹn títí di ìyípo tó ń bọ̀.

OlùkọÌtàn_Àgbà

Ẹ kú àtàárọ̀. Àbúrò mi Houston, Gardner ló há ní Abu Klea, 17 January 1885. Gardner yàtọ̀ sí Maxim. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí Gardner, bẹ́ẹ̀ náà ni Gatling. Maxim fúnra rẹ̀ ló ń ti ara ẹ̀: agbára ọta tó jáde ló ń gbé òmíì wọlé, omi ló sì ń mú ẹnu rẹ̀ tutù. Ọta bí 600 ló lè yọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ní kí Maxim máa há lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, àánú Ìjẹ̀bú ló ń ṣe é, kì í ṣe ìtàn ló ń tẹ̀ lé. Ẹ fi há sí 1 lórí dáìsì méjì, ìyẹn kí méjèèjì gbé 1, ó tó.

Ó dáa kẹ́ ẹ mọ ohun tó gbé ogun yẹn wá, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ bí ẹ ṣe máa ka máàkì. Ìjẹ̀bú ló jókòó sójú ọ̀nà láàárín ọ̀sà àti òkè. Kò sẹ́ni tó ń gba ilẹ̀ wọn kọjá lọ sí Ìbàdàn láìgbàṣẹ, owó oríbodè sì ni ọrọ̀ ìlú. Àwọn oníṣòwò Èkó àtàwọn míṣọ́nnárì fẹ́ kí ọ̀nà ṣí. Ní 1891, Denton tó ń di ipò gómìnà Èkó mú lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, wọn ò gbà á bó ṣe fẹ́. Gómìnà Gilbert Carter dé, ó sọ ìyẹn di ẹ̀sùn. Ní January 1892 àwọn aṣojú Awùjalẹ̀ Tunwase wá sí Èkó, wọ́n gbà pé ọ̀nà á ṣí, ìjọba á sì máa fún Ìjẹ̀bú ní £500 lọ́dọọdún dípò owó oríbodè. Kò pẹ́ tí wọ́n tún dá míṣọ́nnárì kan padà lójú ọ̀nà, Carter sì ní àdéhùn ti já. Ó ránṣẹ́ sí London, wọ́n gbà fún un.

Ọ̀gágun Francis Scott ló kó wọn lọ. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ ní May, wọ́n sì gba inú igbó wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn ológun wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju 500 lọ, a ò ka aláàárù mọ́ ọn o. Ìjẹ̀bú tó dìde sí wọn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọjọ́ kejì Ìmàgbọn ni wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ wò ó dáadáa: ta ni wọ́n? Háúsá ọlọ́pàá-ológun láti Gold Coast àti Èkó ló pọ̀ jù. Àwọn West India Regiment wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ adúláwọ̀ láti erékùṣù Caribbean. Àwọn ará Ìbàdàn náà wà pẹ̀lú wọn. Àwọn ọ̀gá ni òyìnbó. Adéwálé, tó o bá to òyìnbó aláṣọ pupa ogún-ogún sórí tábìlì, ogun míì lò ń tà.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta

Mo kàn ń ka ọ̀rọ̀ yín lọ láìsọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀yin àgbà ọkùnrin, ogun tí wọ́n fi kó ìlú ẹni, ẹ wá jókòó ẹ ń fi dáìsì ta á. Ẹni tó kú níbẹ̀ ní ọmọ-ọmọ láyé o.

Adéwálé_Leeds

Ẹ má bínú, mà. Mi ò fi ikú wọn ṣẹ̀sín. Níbi tí mo wà yìí, kò sí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa tó gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀bú rí títí mo fi gbé e wá. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ wí.

ỌmọÒde_Pọ́ńbélé

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àìgbàgbé. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, ilé wa ò sì jìnnà sí ààfin. Eré yẹn ò dùn mí. Jámánì ń ta ogun Hitler lórí tábìlì, Faransé ń ta Napoleon tó fi pàdánù. Èyí tó ń dùn mí ni kí wọ́n to baba mi sábẹ́ orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní "aláìlẹ́kọ̀ọ́", kí ìlànà wá sọ pé kò lè yìnbọn dáadáa, kò lè dúró, kó ṣáà máa sá síwá sá sẹ́yìn. Ìlú tó ń ta ìbọn fún ẹlòmíì! Ìbọn tó dé òkè láyé ogun àwọn Ìbàdàn, apá púpọ̀ nínú ẹ̀ gba ọwọ́ Ìjẹ̀bú kọjá.

Adé, fún àwọn kan nínú wọn ní ìbọn Snider. Má fún gbogbo wọn. Ìyókù, ìbọn ṣakabùlà.

Jagun_Peckham

Ká tún sọ ìyẹn kedere. Snider máa ń gba ọta láti ẹ̀yìn, ẹni tó dùbúlẹ̀ lè kì í. Ṣakabùlà, o ní láti dìde dúró kó o fi ọ̀pá ki ẹ̀tù àti ọta gba ẹnu ẹ̀ wọlé. Nítorí náà lórí tábìlì: ọ̀wọ́ oní-Snider lè yìnbọn ní ìyípo kọ̀ọ̀kan kó sì wà ní ìlúgọ. Ọ̀wọ́ oníṣakabùlà, tó bá ti yìnbọn, kó sinmi ìyípo kan, àwọn Scott sì ti rí i. Ẹni tó di Ìjẹ̀bú mú á wá ní nǹkan tó máa rò: ṣé kí n ju gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà lókè bèbè, àbí kí n dúró dìgbà tí wọ́n bá dé inú omi?

Ṣẹ́gun_Houston

Ẹ ṣeun ẹ̀yin olùkọ́ fún ti Gardner. Mo gbà.

Tó bá jẹ́ pé ṣakabùlà ni, ẹ rántí pé ó lágbára láti ṣe èèyàn léṣe ju kó pa á lọ. Amoafo ni kẹ́ ẹ fi wò ó, 31 January 1874, nígbà tí Wolseley, ọ̀gágun òyìnbó, kọ lu Asante. Igbó kìjikìji, Asante ń yìnbọn láti tòsí, òkúta àti irin wẹ́wẹ́ wà nínú ìbọn wọn. Àwọn tó gbọgbẹ́ lára òyìnbó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200, àwọn tó kú níbẹ̀ ò tó mẹ́wàá. Ìlànà tí Adé ń lò ti ya ẹni tó gbọgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kú, ẹni tó gbọgbẹ́ sì nílò ẹni tó máa gbé e. Ẹ jẹ́ kí ṣakabùlà máa ṣe "ọgbẹ́" nígbà tó pọ̀ jù. Lójú ẹni tí ò mọ eré, ìyẹn á dà bí ìyà fún Ìjẹ̀bú. Ẹ dán an wò ná! Ẹni tó gbọgbẹ́ máa ń mú ọmọ ogun méjì míì kúrò lójú ìjà, ẹni tó kú ò mú ẹnì kankan.

Adéwálé_Leeds

Èyí dáa gan-an. Ìbéèrè mi tó kù: odò yẹn. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é? Ṣé kí n kàn dín ìrìn kù sí ìdajì nínú omi?

ỌmọÒde_Pọ́ńbélé

Má ṣe bẹ́ẹ̀ nìkan. Yemoji kì í ṣe omi lásán létí àwọn tó dúró níbẹ̀. Ìtàn tí a gbọ́ ni pé Ìjẹ̀bú ti bọ omi náà kí ogun tó dé, wọ́n sì gbà pé kò ní jẹ́ kí ọ̀tá kọjá. Àwọn Háúsá náà gbọ́. Wọ́n dé etí omi, ẹsẹ̀ wọn wúwo. Àwọn ọ̀gá wọn ló kọ́kọ́ bọ́ sómi kí wọ́n tó tẹ̀ lé wọn.

OlùkọÌtàn_Àgbà

Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sì lè fi òfin kan ti ìyẹn lẹ́yìn. Nígbà tí káàdì pupa bá kan ọ̀wọ́ tó wà létí omi, kẹ́ ẹ ju dáìsì kan. 4, 5, 6, wọ́n bọ́ sínú omi. 1, 2, 3, wọ́n dúró gbagidi lórí bèbè, ojú ìbọn Ìjẹ̀bú sì ni wọ́n wà. Àyàfi tí ọ̀gá wọn bá kọ́kọ́ wọ omi. Nígbà yẹn wọn ò ní ju dáìsì, wọ́n á tẹ̀ lé e ni. Àmọ́ ọ̀gá tó dá wà nínú omi, Ìjẹ̀bú lè dojú ìbọn kọ òun nìkan. Bí ọ̀gá bá ṣubú, ọ̀wọ́ náà padà sẹ́yìn íǹṣì mẹ́fà.

Ẹ máa rí i pé ẹni tó di Scott mú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye ọ̀gá tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́.

Jagun_Peckham

Olùkọ́, ẹ gbà mí láyè kí n ta kò yín níbì kan. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi òfin yẹn kan àwọn West India. Àwọn ò mọ Yemoji látojú. Háúsá àti Ìbàdàn nìkan ni kẹ́ ẹ fi ṣe.

OlùkọÌtàn_Àgbà

Mo gbà fún ọ lápá kan. Kí West India máa ju tiwọn náà, àmọ́ 1 nìkan ni kó dá wọn dúró. Omi ni omi, ìbọn ń dún lódìkejì, ẹnikẹ́ni lè ṣe iyè méjì.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjíròrò. Láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti ń kọ̀wé. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń wá ogun tí ìbọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí ló dé tẹ́ ò ta tiwa? Ọdún kan náà ni, 1892. Béhanzin, ọba Dahomey, ti ra ìbọn ìgbàlódé lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì. Ní 19 September, àwọn ọmọ ogun Dahomey kọ lu ibùdó Faransé ní Dogba kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn obìnrin jagunjagun wà níbẹ̀. Dodds ló ṣáájú Faransé, ọmọ Saint-Louis ní Senegal. Ọkọ̀ ogun wà lórí odò Ouémé tó ń yìnbọn sí etí omi. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìríran ń gùn sí i: íǹṣì mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún. Dahomey gbọ́dọ̀ wọnú ibùdó kí oòrùn tó yọ.

Ṣẹ́gun_Houston

Háà! Ìyẹn dùn. Àmọ́ ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, baba ńlá yín kọ́ ló bá Béhanzin jagun ni? Àjàṣẹ́ àti Faransé jọ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ọba Toffa ló bá Faransé ṣe. Kì í ṣe èmi. Mo ń ta Dahomey.

Adéwálé_Leeds

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n Àjàṣẹ́. Mo ti kọ Dogba sílẹ̀ fún ìgbà míì. Ẹ jẹ́ ká parí Ìmàgbọn ná. Ọmọ ogun ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò tíì dá mi lóhùn.

Túndé_Ọlọ́dà

Ìgbà tí wọ́n bá pe ọ̀dà ni mo máa ń jí.

Àwọn tó ń ṣe ọmọ ogun Asante pọ̀ díẹ̀ ní 28 mílímítà. Ra ìyẹn. Àwọn tó wọ ìró gbàgìẹ̀gbàgìẹ̀ tó so mọ́ èjìká, yà wọ́n sọ́tọ̀, wọn ò ní jọ Ìjẹ̀bú. Àwọn tó wọ bàǹtẹ́ tàbí ṣòkòtò péńpé, tí ìbọn gígùn wà lọ́wọ́ wọn, ìyẹn lò ń wá. Mú pọ́tì olóríṣi méjì tí wọ́n máa ń pò pọ̀, bu ún bí ẹ̀wà kan, fi tẹ orí ọmọ ogun náà, fi abẹ́rẹ́ tẹ etí ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan: fìlà nìyẹn. Bu èyí tó kéré sí i, tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, gé e sí wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin, lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà: gbérí nìyẹn, oògùn ti wà lára ẹ̀. Jẹ́ kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì kó o tó fi ọ̀dà kàn án. Má ṣe gbogbo wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì-mẹ́ta nínú ogún ló tó, ojú á gbà pé gbogbo wọn ni.

Ti awọ ara. Àwọn òyìnbó inú ẹgbẹ́ yín á máa fi dúdú kun èèyàn dúdú, á wá dà bí èédú. Bẹ̀rẹ̀ láti búráùn tó pọ́n díẹ̀, fi omi ọ̀dà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ ṣàn án kó lè wọ inú kòtò ojú àti iṣan, tó bá gbẹ, fi búráùn tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ kan orí imú, èjìká, orúnkún. Jẹ́ kí awọ yàtọ̀ síra. Wo inú ọjà yín nílé, ṣé àwọ̀ kan náà ni gbogbo wa?

Háúsá: fìlà pupa, aṣọ búlúù. West India: fìlà pupa tí wọ́n fi láwàní funfun wé, ẹ̀wù aláìlápá pupa lórí funfun, ṣòkòtò búlúù tó fẹ̀. Wọ́n á dùn ún wò nínú igbó.

Ìyá_Ọ̀jọ̀gbọ́n_Lewisham

Túndé, o ò sọ̀rọ̀ igbó! Ogun tí igbó ò sí nínú ẹ̀ kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú. Ọkọ mi ló ń ta eré yìí, èmi ni mo ń ṣe ilẹ̀ fún un, torí tí mo bá fi sílẹ̀ fún un, aṣọ tábìlì aláwọ̀ ewé ló máa tẹ́.

Ẹ ra kànìnkànìn ìbílẹ̀ lọ́jà àwọn ará wa, ti onífọ́nrán yẹn tá a fi ń wẹ̀. Ẹ tú u, ẹ fi aró ewé pa á, ẹ fà á ya sí ìṣù kéékèèké, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Kò sí igbó abẹ́lẹ̀ tó jọ ti gidi tó ìyẹn. Ewéko oníke tí wọ́n ń fi sínú àpótí ẹja, ẹ gé e, ẹ gún un sáàárín: ọ̀pẹ àti imọ̀ nìyẹn. Kó má dán o. Ẹ fi ọ̀dà búráùn tó gbẹ nù ún.

Omi: ẹ má fi búlúù kun ún. Odò inú igbó ni, búráùn tó ń lọ sí dúdú. Fánísì tó ń dán, ẹ fi sí i lẹ́ẹ̀mẹta, kí ti ìṣáájú gbẹ kẹ́ ẹ tó fi òmíì. Etí omi ni kẹ́ ẹ kó kànìnkànìn sí jù lọ. Ọ̀nà tó wọnú omi kó fẹ̀ tó ọmọ ogun méjì péré. Ẹni tó bá kúrò lójú ọ̀nà, ìrìn rẹ̀ di ìdajì.

Jagun_Peckham

Mà, ẹ kú iṣẹ́. Ti ọ̀nà ọmọ ogun méjì yẹn gan-an ló máa mú Scott lọ́fun. Àwọn ọ̀wọ́ rẹ̀ á tò gbọọrọ sẹ́yìn ara wọn, aláàárù láàárín, àgbá kékeré tí ọta rẹ̀ wúwo tó pọ́n-ùn méje lẹ́yìn. Maxim á nílò ìyípo kan gbáko láti gbé e kalẹ̀, àwọn aláàárù ló sì ń gbé e. Bí aláàárù bá sá, ta ni yóò gbé e?

Ṣẹ́gun_Houston

Ìlànà míì náà wà tí ẹ lè fi ta á tí káàdì bá sú yín: The Men Who Would Be Kings, 2016. Ọmọ ogun 12 ni ọ̀wọ́ òyìnbó, 16 ni ti ìbílẹ̀, máàkì 24 sì ni ẹ ó fi ra ogun yín. Ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀, òmíì ò ní gbọ́ràn sí ẹ lẹ́nu. Ọ̀nà tí ẹnì kan fi lè dá ta á wà nínú ẹ̀. Èmi tí mi ò rí alábàátà níbí, ìyẹn ló gbà mí. Àmọ́ Adé, tó o bá lò ó, má mú ọ̀wọ́ tí wọ́n pè ní ti ìbílẹ̀ fún Ìjẹ̀bú. Mú èyí tó ń yìnbọn, tí kì í ṣe ọmọ ogun ìjọba.

OlùkọÌtàn_Àgbà

Ẹ ò tíì dá ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò lóhùn lórí ohun tó béèrè gan-an, ìyẹn ta ló borí. Scott ló kọjá odò lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ò gbọ́dọ̀ yí padà, àyàfi tí dáìsì bá ya wèrè. Ohun tí a lè dán wò ni iye tó máa ná an.

Mo dá a lábàá báyìí. Ìyípo mẹ́wàá. Kí Scott gba máàkì mẹ́ta fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá wà ní òdìkejì níparí, àti mẹ́rin tí Maxim bá kọjá pẹ̀lú wọn. Kí Ìjẹ̀bú gba máàkì méjì fún ọ̀gá tó bá ṣubú, kan fún ọmọ ogun mẹ́ta tó kú tàbí tó gbọgbẹ́, àti méjì fún ìyípo kọ̀ọ̀kan tí kò sí ẹnì kankan ní òdìkejì lẹ́yìn ìyípo kẹrin. Ìjẹ̀bú á tún gba kan fún ọ̀wọ́ tirẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá jáde lódindi láti ẹ̀yìn tábìlì, kí wọ́n má bàa dúró kú síbẹ̀ torí pé eré ni.

Tábìlì lè parí tí Scott ti kọjá, tí Ìjẹ̀bú sì ní máàkì jù.

ỌmọÒde_Pọ́ńbélé

Báyìí ni kí wọ́n máa ta á.

Adéwálé_Leeds

Ẹ̀yin ará, a ta á lálẹ́ àná. Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Yorkshire kan di Ìjẹ̀bú mú, wọ́n ní kí n di Scott. Ó jẹ́ kí n bọ́ sínú omi kó tó yìnbọn. Ọ̀gá méjì ṣubú nínú odò, àwọn Háúsá dúró, káàdì dúdú mẹ́ta tẹ̀ léra, mo ń wo Maxim mi lẹ́yìn lọ́wọ́ aláàárù tí kò lè dé iwájú torí ọ̀nà ti dí. Mo kọjá níkẹyìn. Ó fi máàkì kan ṣoṣo jù mí.

Nǹkan kan ló ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Rọ́kẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ àwọn Scott, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Mo fi sílẹ̀ lánàá.

Jagun_Peckham

Rọ́kẹ́ẹ̀tì ò ń lọ síbi tí wọ́n rán an. Yan ibi kan, ju dáìsì kan fún ọwọ́ òsì tàbí ọ̀tún, ju méjì fún íǹṣì tó fi yà. Kò pa èèyàn púpọ̀. Ọ̀wọ́ Ìjẹ̀bú tó bá já sí tòsí wọn ni kó ju dáìsì bóyá wọ́n á dúró tàbí wọ́n á sá sẹ́yìn.

Túndé_Ọlọ́dà

Òwú tí wọ́n fi ń ko àpótí oògùn, fà á gùn, fi ọ̀dà eérú kan ìdí ẹ̀, gbé e tẹ̀ lé ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì gbà: èéfín nìyẹn. Ya fọ́tò wá fún wa nígbà tó o bá tún ta á.